Bansi Chandragupta: ayàwòrán tó di kọ́lékọ́lé nínú fíìmù

Ẹ kú ìjókòó gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹnu sọ nípa Bansi Chandragupta níwájú èrò ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan ni mo tẹ̀ síbí, torí àwọn tí ò ráàyè wá ń béèrè ẹ̀, mo ti gé díẹ̀ kúrò mo sì ti fi díẹ̀ kún un, tó bá ṣì ń dún bí ẹni tó dúró níwájú èrò, ẹ jẹ́ ó máa dún bẹ́ẹ̀.

Tí èèyàn bá ti ní fíìmù Íńdíà báyìí, orin àti ijó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn, pẹ̀lú bọ̀bọ́ kan tó ń sáré yí igi ká nítorí omidan. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, èmi náà wo tèmi yó. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí kì í jó, kì í kọrin, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Bansi Chandragupta lorúkọ ẹ̀, art director ni. Tẹ́ ẹ bá rí òṣèré tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan, ẹnì kan ló pinnu bí yàrá yẹn ṣe máa fẹ̀ tó, ibi tí wíńdò máa kọjú sí, bóyá ògiri máa mọ́ tónítóní àbí ó máa lábàwọ́n, irú àtùpà tó máa wà lórí tábìlì, ẹni yẹn náà ló máa kó kápẹ́ńtà, bíríkìlà àti àwọn tó ń kun ọ̀dà jọ kí wọ́n kọ́ ọ tán kí kámẹ́rà tó dé. Dáírẹ́kítọ̀ ló ń gba ìyìn, òṣèré ló ń gba òkìkí, eruku sìmẹ́ńtì ni ti art director.

Ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Sialkot, ìlú tó ti bọ́ sí Pakistan báyìí, Srinagar ní Kashmir ló sì dàgbà sí. Àwòrán yíyà ló wù ú. Ayàwòrán kan láti Calcutta, Subho Tagore, ọmọ ìdílé Tagore tó lórúkọ yẹn, ìdílé akéwì Rabindranath Tagore, wá sí Kashmir, àwọn méjèèjì pàdé, òun ló sì kì í láyà pé kó máa bọ̀ ní Calcutta. Bí ọmọkùnrin náà ṣe palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ nìyẹn, láti orí òkè tí yìnyín wà, ó di ìlú tí ooru àti èrò ti ń pa èèyàn.

Calcutta ìgbà yẹn ò rọrùn rárá. Ìyàn 1943 ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ní Bengal, ogun àgbáyé kejì ò tíì kásẹ̀ ńlẹ̀, àwọn tí ebi lé kúrò lábúlé kún ojú títì. Àwọn ayàwòrán ibẹ̀ náà ò lè máa ṣe bí ẹni tí ò rí i, Subho Tagore àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Calcutta Group sílẹ̀ lọ́dún 1943 yẹn kan náà, wọ́n láwọn ò fẹ́ máa ya ìtàn àwọn òrìṣà àtijọ́ nìkan mọ́, ohun tó wà níwájú àwọn gan-an làwọn fẹ́ yà. Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Bansi bọ́ sí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó padà ṣe ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítúdíò fíìmù ló ti padà rí oúnjẹ jẹ, kì í ṣe ìdí kánfáàsì.

Kí ló wá bá ní sítúdíò? Ó bá aṣọ. Fíìmù ìgbà yẹn, tí wọ́n bá nílò ilé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn máa ta aṣọ ńlá kan, wọ́n á ya òpó sí i, wọ́n á ya ìlẹ̀kùn, wọ́n á ya igi àgbọn, òṣèré á wá dúró níwájú ẹ̀ á máa sunkún. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, òpó ilé á máa jó. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, tíátà alárìnjò tiwa náà gbé irú aṣọ yẹn káàkiri fọ́dún gbọgbọrọ, àwọn àgbà tó wà níbí á rántí. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ayàwòrán ni Bansi, iṣẹ́ tí ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ni kó máa ya aṣọ wọ̀nyẹn kó máa gbowó ẹ̀ lọ sílé. Òun gan-an ló wá wà lára àwọn tó lé aṣọ kúrò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé ní 1947, ọdún tí Íńdíà gba òmìnira, àwọn ọ̀dọ́ kan dá Calcutta Film Society sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí wọn kì í gbé wá sí sinimá. Satyajit Ray, ẹni tó padà di dáírẹ́kítọ̀ ńlá, wà níbẹ̀, Chidananda Dasgupta tó ń kọ̀wé nípa fíìmù wà níbẹ̀, Bansi náà wà níbẹ̀. Battleship Potemkin ti Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ray fúnra ẹ̀ ń ya àwòrán ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà nígbà yẹn, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ní Santiniketan lọ́dọ̀ Nandalal Bose, ìyẹn ni pé ayàwòrán méjì ló pàdé ara wọn tí wọ́n jọ ń ṣàìsàn fíìmù.

Lẹ́yìn náà ni Jean Renoir, àgbà dáírẹ́kítọ̀ ará Faransé, wá sí Bengal láti ya The River, wọ́n yà á ní 1949 sí 1950 létí odò Hooghly. Ó mú ẹni tó ń kọ́lé fíìmù fún un wá, Eugène Lourié, ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ lórí La Grande Illusion. Bansi di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Lourié. Iléèwé tó lọ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé èèyàn lè kọ́ ilé tó ní igun, tó ní sísanra, tí òṣèré lè fara ti ògiri ẹ̀ tí ò ní wó, tí kámẹ́rà á sì lè yípo inú ẹ̀ bí àlejò. Níbi iṣẹ́ yẹn náà ni ọmọdékùnrin kan ti ń dúró sí kọ̀rọ̀ tó ń wo bí iná ṣe ń tàn, tó ń yà á sínú ìwé, Subrata Mitra, kò tíì pé 20 ọdún. Ẹ di orúkọ yẹn mú.

Ray wá ní òun fẹ́ ya Pather Panchali, fíìmù àkọ́kọ́ ẹ̀, ìtàn ọmọ abúlé kan tó ń jẹ́ Apu àti ìdílé ẹ̀. Kò sówó. Mitra ló fi ṣe kámẹ́rámàn, ọmọ ọdún 21 tí ò tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà fíìmù rí láyé ẹ̀, Bansi ló fi ṣe art director. Oṣù kẹwàá 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yà á lọ́jọ́ ìsinmi, owó ń tán, wọ́n ń dúró, Ray fi góòlù ìyàwó ẹ̀ dógò, nígbẹ̀yìn ìjọba West Bengal ló bá wọn dá sí i, owó ọ̀hún sì wọ ìwé ìṣirò lábẹ́ owó títì, torí ojú ọ̀nà ni wọ́n rí nínú orúkọ fíìmù náà, tó túmọ̀ sí Orin Ojú Ọ̀nà Kékeré. (Mi ò bú wọn o. Tìtorí àṣìṣe yẹn la ṣe ní fíìmù ọ̀hún.) Ọdún 1955 ló jáde, ní 1956 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní Faransé.

Gbogbo ayé ló ń sọ pé fíìmù yẹn ò ní sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún yíya fíìmù, pé abúlé gidi ni, ilé gidi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rí ilé kan tó ti ń wó ní Boral, abúlé kan lẹ́bàá Calcutta, wọ́n sì háyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó wó ju bí ìtàn ṣe fẹ́ lọ ò wúlò, èyí tí ò wó tó náà ò wúlò, Bansi ní láti tún un ṣe títí á fi wó níwọ̀n tó yẹ. Ó tún ku òru. Àwọn ibi tó jẹ́ òru nínú fíìmù náà, sítúdíò ni wọ́n ti yà á, torí náà ògiri tó máa kọ́ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ti Boral débi pé tí ìyá Apu bá ti ọ̀sán bọ́ sí alẹ́, ojú tiwa ò ní mọ̀ pé ó ti kúrò lábúlé. Ẹ lọ wò ó lónìí, ẹ bá mi wá ibi tí ìsopọ̀ yẹn wà. Èmi ò rí i.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ jù nìyí, fíìmù kejì nínú ìtàn Apu, Aparajito, 1956. Ìdílé Apu ti kó lọ sí Benares, ìlú mímọ́ tó wà létí odò Ganges. Ilé ibẹ̀ ga, wọ́n sún mọ́ra, àárín ilé ló máa ń ní àgbàlá kékeré tó ṣí sójú ọ̀run, bí agbo ilé tiwa náà, ìmọ́lẹ̀ á ti òkè wálẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ní òjìji tó mú. Wọ́n fẹ́ kọ́ àgbàlá yẹn síta gbangba kí oòrùn gidi lè tàn sí i. Bansi wo ọ̀run, ó rí i pé àsìkò òjò ń bọ̀, tí òjò bá rọ̀ sórí ohun tí wọ́n fi pákó àti píláásítà kọ́, owó wọn ti lọ. Ló bá ní inú sítúdíò ni kí wọ́n kọ́ ọ sí, ní Calcutta.

Mitra fàáké kọ́rí. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé iná sítúdíò á máa gún ojú, òjìji á pọ̀ lára ògiri, àwọn tó ń wò á mọ̀ pé irọ́ ni. Ó sọ ọ́ fún Bansi, ó sọ ọ́ fún Ray, wọn ò dá a lóhùn. Kí ló kù kí ọmọ yẹn ṣe? Ó ta aṣọ funfun sókè àgbàlá náà bí ìgbà tí èèyàn na ọ̀run bo ilé, ó wá kọjú àwọn iná sókè sí aṣọ, kì í ṣe sí òṣèré, kí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ lu aṣọ kó tó balẹ̀. Ó rí gẹ́lẹ́ bí ọ̀sán Benares. Títí dòní ni àwọn kámẹ́rámàn ń ṣe irú ẹ̀ káàkiri àgbáyé, bounce lighting ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé àgbàlá tí Bansi kọ́ nítorí ìbẹ̀rù òjò ló fà á. Aparajito gba Golden Lion, ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Venice, ní 1957.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí aṣọ yẹn. Aṣọ tí Bansi lé kúrò lára ògiri ló tún gba òkè wọlé padà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọn ò ya nǹkan kan sí i.

Ẹnì kan lè ní ṣé ká wá sọ pé ayàwòrán inú ẹ̀ ti kú nìyẹn? Rárá o. Fíìmù dúdú àti funfun ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú Ray. Nínú irú fíìmù yẹn, ọ̀dà pupa àti ọ̀dà àwọ̀ ewé lè jáde bákan náà, eérú eérú, ògiri funfun báláú náà á sì máa dán jù, á bo ojú òṣèré mọ́lẹ̀. Ẹni tó máa kun ògiri yẹn gbọ́dọ̀ ti mọ irú eérú tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dà, iṣẹ́ ayàwòrán pọ́ńbélé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ gbígbó tún wà níbẹ̀. Ògiri kì í gbó bákan náà káàkiri: abẹ́ wíńdò ni omi òjò ti máa ń fà á láàmì, ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn ló máa ń dúdú nítorí ọwọ́ àwọn èèyàn, òkè àtùpà léèéfín máa ń wà, ìsàlẹ̀ ni ọ̀rinrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù nílé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ilé gbó tẹ́ ẹ sì kàn wọ́n ọ̀dà búráwùn káàkiri, à ń rí yín o. Ohun tó mú Bansi yàtọ̀ ni pé tó bá kọ́ ògiri, ó máa ń dà bíi pé àwọn kan ti gbé níbẹ̀, ti bímọ síbẹ̀, ti jà síbẹ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Jalsaghar, 1958. Ìtàn zamindar kan, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ńláńlá tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ò lè ṣíwọ́ à ń pe àwọn olórin wá sáàfin. Wọ́n wo nǹkan bí 30 ààfin, kò sí èyí tó tẹ́ Ray lọ́rùn, títí tí bàbá àgbàlagbà kan fi darí wọn sí Nimtita, létí odò Padma. Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ti mọ̀. Ray wá lọ sọ fún Tarashankar Banerjee tó kọ ìtàn náà, àṣé ìdílé tó ni Nimtita gan-an ni ọkùnrin náà rò kó tó kọ ọ́, òun fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ débẹ̀ rí! Ààfin gidi wà nílẹ̀ wàyí, ṣùgbọ́n yàrá orin inú ẹ̀ ò tó bí ìtàn ṣe wí. Bansi lọ kọ́ yàrá orin tuntun ní sítúdíò, pẹ̀lú dígí ńlá àti shandelíà, àtùpà ńlá tó so rọ̀ látòkè, tó ń mì lójú gbogbo fíìmù náà. Tí ọkùnrin náà bá wà níta, Nimtita ló wà, tó bá ti wọlé wá gbọ́ orin, ọwọ́ Bansi ló bọ́ sí.

Charulata ti 1964 ni mo kà sí iṣẹ́ tó dáa jù nínú gbogbo wọn, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kó dúró dìgbà ìbéèrè. Ìtàn Rabindranath Tagore ni, ní Calcutta ní nǹkan bí 1880, obìnrin kan tí ọkọ ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí ọkọ ò ráyè ẹ̀. Fíìmù yẹn bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá, kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan tó lórí. Madhabi Mukherjee mú awò kékeré kan lọ́wọ́, ó ń ti wíńdò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ṣí pákó wíńdò díẹ̀ láti wo àwọn èèyàn tó ń lọ ní títì, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e láti yàrá sí yàrá, láti yàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lójú yín, ilé olówó kan ni. Sítúdíò ni o. Bansi ní láti so àwọn yàrá yẹn pọ̀ kí obìnrin náà lè rìn láìdúró, kí ìmọ́lẹ̀ sì gba gbogbo wíńdò wọlé bí ọ̀sán ṣe ń gba á, kí àga, ìwé àti òpó bẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ ti Bengal olówó tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọbabìnrin Victoria. Wọn ò tíì sọ fún wa pé obìnrin yìí dá wà, ilé yẹn ti sọ ọ́ tán. Ray gba àmì ẹ̀yẹ dáírẹ́kítọ̀ tó dáa jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 1965 nítorí ẹ̀.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ n sáré. Yàrá òkè ilé tí Apu ń gbé lẹ́bàá ojú irin nínú Apur Sansar, fíìmù kẹta nínú ìtàn Apu, 1959, sítúdíò ni. Nayak, 1966, àwọn òṣèré Uttam Kumar àti Sharmila Tagore nínú rélùwéè láti Calcutta lọ Delhi, gbogbo àwọn kóòṣì yẹn, wọ́n kọ́ ọ ni. Goopy Gyne Bagha Byne, 1969, fíìmù àlọ́ fáwọn ọmọdé, ó kọ́ ààfin ọba rere àti ọba búburú síbẹ̀, ó sì jọ pé ó gbádùn ara ẹ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ó bá dáírẹ́kítọ̀ míì, Mrinal Sen, náà ṣiṣẹ́, kì í ṣe Ray nìkan.

Ní nǹkan bí 1970 ló kó lọ sí Bombay. Ibi tọ́rọ̀ wá pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Filmfare, àmì ẹ̀yẹ àwọn sinimá Hindi, fún un ní ẹ̀bùn art director tó dáa jù lẹ́ẹ̀mẹta: fún Seema, fún Do Jhoot, fún Chakra. Ta ló ń rántí Do Jhoot lónìí? Charulata tí gbogbo ayé ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ fíìmù, kò rí nǹkan kan gbà lórí ẹ̀ níbẹ̀ torí èdè Bengali ni. Mi ò sọ pé kò yẹ kó gba ti Chakra o. Ògbóǹtarìgì ni ti Chakra, adúgbò àwọn tálákà ní Bombay ló kọ́, ahéré onípáànù àti onírọ́bà tó fara ti ara wọn, Smita Patil àti Naseeruddin Shah ló wà níbẹ̀, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Locarno ní 1981. Àti yàrá orin olówó àti ahéré onípáànù, ọkùnrin kan náà ló kọ́ ọ, ojú kan náà ló sì fi wo méjèèjì.

Ray tún pè é padà fún Shatranj Ke Khilari, 1977, Lucknow ní 1856, nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ ọba ibẹ̀, Wajid Ali Shah, táwọn ọlọ́lá méjì kan sì jókòó ti ayò chess wọn bíi pé nǹkan kan ò ṣe. Àwọ̀ ti wà nínú fíìmù nígbà yìí, ayàwòrán wá rí ọ̀dà lò. Ẹ wo kọ́tíìnì, ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo aṣọ àwọn ará ààfin, kò sí èyí tó ń pariwo ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ló tún padà sí Lucknow yẹn kan náà fún Umrao Jaan ti Muzaffar Ali.

Ọdún 1981 ni Umrao Jaan jáde, ọdún yẹn náà ni Chakra, ọdún yẹn náà ni 36 Chowringhee Lane tí Aparna Sen darí, tí Jennifer Kendal ṣe tíṣà àgbàlagbà tó ń dá gbé nínú fúláàtì kan tó kún fún ẹrù àtijọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ò jọra wọn, láti ọwọ́ ẹnì kan. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Bansi kú ní New York, kò tíì pé 60.

Ohun kan wà nípa iṣẹ́ yìí tó ń dùn mí. Tẹ́ni tó ya kánfáàsì bá kú, kánfáàsì ẹ̀ á wà lára ògiri ẹnì kan. Sẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ya fíìmù tán ni wọ́n á wó o, wọ́n á yọ ìṣó inú ẹ̀, wọ́n á fi pákó ẹ̀ kọ́ ti ẹlòmíràn. Inú fíìmù nìkan ló kù sí. Fíìmù ọ̀hún náà fẹ́ẹ̀ẹ́ bọ́, torí ní 1993 iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí negative àwọn fíìmù Ray, ìyẹn ojúlówó tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà wọn, wà, àwọn mẹ́ta ti Apu wà lára ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú fíìmù l'Ámẹ́ríkà ò da ohun tó jóná nù, wọ́n pa á mọ́ fún bí 20 ọdún, kí àwọn kan ní Bologna ní Ítálì tó fọwọ́ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, apá tí iná ò jẹ tán nínú Pather Panchali àti Aparajito ṣì ṣeé lò, wọ́n wá ẹ̀dà míì fi dí èyí tó kù. Ní 2015 ló tún jáde, ó mọ́ kedere débi pé ẹ lè rí ibi tí ọwọ́ èèyàn ti dọ̀tí ògiri.

Ẹnì kan béèrè lọ́jọ́ yẹn pé ṣé kọ̀ǹpútà ò tíì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn. Mo ní kọ̀ǹpútà lè ya ilé, ó ń yà á dáadáa pàápàá, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi òjò ti ń fa ògiri. Ẹlòmíràn ní ṣé owó ò pọ̀ jù fún àwa, mo ní Pather Panchali ò lówó lọ́wọ́ rárá, ojú ló fi ṣe é. Ẹni tó bá mi jiyàn lórí Charulata ní Jalsaghar ló dáa jù, a ò yanjú ẹ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

Èyí tí wọ́n béèrè jù ni pé èwo ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì wo fíìmù Ray rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Pather Panchali, ẹ wo Aparajito tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ Bansi lẹ ń wá, ẹ lọ tààrà sí Charulata, ẹ kọ́kọ́ wò ó bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò ó, subtitle Gẹ̀ẹ́sì wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ tún un wò, kẹ́ ẹ máa ka àwọn wíńdò.